Ìwé Tó Ń Pè Wá Jẹun

Mo rò pé torí owó nìkan ni òǹkọ̀wé ṣe ń kiri ìwé, àfìgbà tí mo kà nípa David Sax, akọ̀ròyìn ọmọ Kánádà. Save the Deli tó kọ jáde ní 2009. Déli ni ilé oúnjẹ tí àwọn Júù láti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Pásítírámì ló lókìkí níbẹ̀: wọ́n á rẹ ẹran màlúù sínú omi iyọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á yan án nínú èéfín, wọ́n á tún fi ooru omi sè é bí ẹni se mọ́ínmọ́ín. (Ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ o, èèwọ̀ wọn ni!) Iṣẹ́ pọ̀, èrè kéré, owó ṣọ́ọ̀bù ń lọ sókè, àwọn ọmọ wọn sì fẹ́ di dókítà. Ni wọ́n bá ń tilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí èyí ni Sax ṣe ń kiri. Ẹni tó ra ìwé tí kò yà jẹun ní déli, ìdajì ló ṣe. Katz's ti New York, tó ti wà láti 1888, ṣì ń tà.