Kẹ́míkà àti Ọ̀nà Ṣíṣe Rẹ̀: Iṣẹ́ Tí Kọ̀ǹpútà Ń Bá Wa Ṣe

Ó lè ya yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa kẹ́míkà. Ìdí tí mo fi gbà á ni pé ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ náà ń gbà lo kọ̀ǹpútà jọ ọ̀nà tí àwa ń gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi gáàsì inú fíríìjì ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1928, Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń wá gáàsì tí kò ní í gbiná, tí kò sì ní í pa ènìyàn, nítorí pé olóró ni amóníà tí ọ̀pọ̀ ń lò nígbà náà. Wọ́n rí èyí tí a wá mọ̀ sí Freon. Ó yege nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi í. Ẹyọ kan tí ẹnikẹ́ni kò bi í ni ibi tí yóò forí lé bí ó bá jò jáde. Ní 1974 ni Mario Molina àti Sherwood Rowland fi hàn pé òkè réré ni ó ń lọ, tí kilorínì inú rẹ̀ sì ń ba ósónù tí ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dín ṣíṣe rẹ̀ kù.

Báwo ni a ṣe ń wá arọ́pò? Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ tí ‘a-’ ń ṣe, tí ó sì mọ ‘mú ilé tutù’, yóò mọ ohun tí ‘amúlétutù’ jẹ́ bí kò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Bákan náà, ẹ̀yà kéékèèké ni ó para pọ̀ di mólékù, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ń mú ìwà tirẹ̀ wá. Ní 1975, Fredenslund, Jones àti Prausnitz gbé ìlànà UNIFAC jáde, èyí tí ń fi ẹ̀yà ṣírò bí àwọn nǹkan olómi yóò ti ṣe sí ara wọn bí a bá pò wọ́n pọ̀. Lóòótọ́, bí ìtumọ̀ ‘gbàgbé’ kò ti sí nínú ‘gbà’ àti ‘gbé’, bẹ́ẹ̀ ni àròpọ̀ ẹ̀yà máa ń tan ni jẹ nígbà mìíràn. Yàrá ìdánwò ṣì wúlò.

Ṣùgbọ́n mímọ mólékù tí ó dára kò tó. R-134a ni ó rọ́pò Freon nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì. Kò ní kilorínì rárá. Ní ọ̀nà tí wọ́n sábà ń gbà ṣe é, ìgbésẹ̀ méjì ni, èkejì kì í sì í parí tán. A ní láti ya èyí tí kò yí padà sọ́tọ̀, kí a dá a padà sẹ́yìn, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Iná ni ìyàsọ́tọ̀ yìí ń jẹ, iná sì ní owó àti èéfín tirẹ̀. Láyé àtijọ́, onímọ̀ kẹ́míkà a yan ohun tí ó wù ú, a sì gbé e fún onímọ̀ ẹ̀rọ pé kí ó lọ kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, níbẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Láti 1976 ni iṣẹ́ ASPEN ti bẹ̀rẹ̀ ní MIT, láti fi kọ̀ǹpútà ṣírò gbogbo ohun tí ń lọ nínú ilé iṣẹ́ kí a tó kọ́ ọ. Àwọn bíi Rafiqul Gani, ní Denmark, sì ṣiṣẹ́ láti so yíyan mólékù àti yíyàwòrán ilé iṣẹ́ pọ̀ di ìṣirò kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í bi ìbéèrè tí a kò kọ́ ọ. R-134a fúnra rẹ̀ ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po tí ó ju 1,000 lọ sí kábọ́ọ̀nù dàíọ́kísáìdì. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn Kigali ti 2016 fi bá àwọn irú rẹ̀ wí. Ní 2017, Mark McLinden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde: nínú mólékù tí ó lé ní mílíọ̀nù 60 tí kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò fún ẹ̀rọ amúlétutù kéékèèké, 27 péré ni ó ṣẹ́kù. Kò sí ọ̀kan tí kò ní àbùkù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì lè gbiná, ohun tí Midgley ń sá fún ní 1928.