Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Kọ́kọ́ Gbọ́? Àṣà Ìtúfọ̀ Láyé Fóònù Alágbèéká

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Nígbà tí àwọn baba wa ń pa òwe yìí, ẹnu ni ohùn ti ń jáde, bí ó bá sì fọ́, inú agbo ilé kan tàbí àdúgbò kan ni yóò fọ́ sí. Láyé òde òní, àtàǹpàkò ni ó ń sọ̀rọ̀. Ọmọdé kan lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní Ìkẹ́nnẹ́, kí ó tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré sínú fóònù, kí ìyá arúgbó kan tí ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù sì ti dákú kí ọmọdé náà tó gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtúfọ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, èyíinì ni bí a ṣe ń kéde ikú, àti ohun tí WhatsApp àti Facebook ti sọ ọ́ dà láàárín àwa ará Rẹ́mọ.

Nínú àṣà Yorùbá, ikú kì í ṣe ìròyìn tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ ọ lè máa gbé kiri. Ó ní ẹni tí ó ni ín, ó ní ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sì ní ẹnu tí ó yẹ kí ó sọ ọ́. Bí àgbàlagbà bá kú, àwọn àgbà ìdílé ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn náà ni yóò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ, sí àwọn àna, sí ẹgbẹ́ àti sí ìjọ. Ọmọ tí ó bá wà lájò, a kì í ránṣẹ́ sí i pé baba rẹ̀ ti kú. Ohun tí a ó sọ ni pé ara baba kò yá, wọ́n sì ní kí ó máa bọ̀. Bí ó bá dé, wọn yóò fún un ní àga, wọn yóò bu omi fún un, ẹnìkan tí ó gbọ́n yóò jókòó tì í, wọn yóò béèrè bí ọ̀nà ti rí, bí ó bá sì ṣeé ṣe, wọn yóò rí i pé ó fi nǹkan sẹ́nu. Lẹ́yìn èyí ni àgbà kan yóò wúkọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti mọ̀ kí ikọ́ náà tó tán, ṣùgbọ́n àárín ènìyàn ni ó ti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe nínú ọkọ̀ èrò, kì í ṣe nídìí ẹ̀rọ níbi iṣẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi mí pé ṣé irọ́ kọ́ ni wọ́n pa fún ọmọ yẹn. Èsì mi ni pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó rọ ọ̀rọ̀ lójú kò yí i padà; ó wá ibi tí ẹni tí yóò gbọ́ ọ lè jókòó sí ni. Ìdí nìyí tí èdè wa fi ní orúkọ púpọ̀ fún ikú: ọba a wàjà, àgbà a pa ipò dà, a fi ilẹ̀ bora bí aṣọ. Ti ọ̀dọ́ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn a sin ín wọ́ọ́rọ́wọ́, a kì í sì í mú ìyá àti baba dé ibojì ọmọ wọn. Ẹ wá fi èyí wé àwòrán ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé sórí WhatsApp pẹ̀lú àbẹ́là àti ojú ẹkún, nígbà tí ìyá ọmọ náà ṣì ń ta ọjà lọ́wọ́.

Ti ọba ni ó le jù. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ àti ní Ìjẹ̀bú, àwọn Òṣùgbó ni ó ní ọ̀rọ̀ ọba tí ó wàjà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọn kì í sì í kánjú sọ ọ́. Ṣágámù fúnra rẹ̀, ìlú mẹ́tàlá ni ó para pọ̀ di ọ̀kan ní 1872, kálukú pẹ̀lú àwọn olóyè rẹ̀; ọ̀rọ̀ tí ó bá tóbi, ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà kí ó tó kárí wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje 2015, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé wàjà ní Lọ́ńdọ́nù. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìjòyè Ifẹ̀ ní rárá o, Kábíyèsí wà láàyè, ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ni wọ́n tó kéde rẹ̀ bí àṣà ti wí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà nígbà náà. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé ohun tí àwọn ìjòyè ń ṣe ni pé wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 13 oṣù keje 2025, Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà wàjà, ọjọ́ náà gan-an ni Muhammadu Buhari, tí ó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí rí, kú. Ìròyìn méjèèjì dìjọ gba orí fóònù kan. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n sì sin Awùjalẹ̀ nílànà ẹ̀sìn Mùsùlùmí. 

Kí á má ṣe purọ́ mọ́ fóònù, ìròyìn ikú ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé tipẹ́. Ní oṣù kọkànlá 1989, àwọn oníròyìn kéde pé Nnamdi Azikiwe ti kú. Ó wà láàyè, ó sì gbé títí di 1996. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà náà, ènìyàn díẹ̀ ni ó ní ohun èlò tí a fi lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú ní ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 1987, rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn ni ó gbé e dé etí ayé. Oṣù kẹjọ 2001 ni fóònù alágbèéká irú èyí tí a ń lò báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, 2009 sì ni wọ́n dá WhatsApp sílẹ̀. Nísinsìnyí, gbogbo wa ni oníròyìn, olóòtú kò sì sí.

Àwọn baba wa mọ ohun tí iṣẹ́ rírán jẹ́. Ní 1887, wọ́n tẹ àlàyé jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ́nù nípa àrokò àwọn Ìjẹ̀bú, tí àwa Rẹ́mọ jọ pín nínú rẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà, ẹfà, ni ó ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, ẹ̀jọ, ni ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹyọ méjì tí ó kọjú síra wọn ń fi ìfẹ́ hàn. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni pé àrokò kì í dá rìn. Ènìyàn ni ó ń gbé e, ènìyàn náà sì ń wo ojú ẹni tí ó ń gbà á. Bí olùgbà bá ṣubú, ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò gbé e dìde. Àrokò sì tún jẹ́ ẹ̀rí: ẹni tí ó bá rí ohun tí òun àti ẹni tí ó ránṣẹ́ nìkan mọ̀ yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ayédèrú. Fóònù mú iṣẹ́ náà, ó fi ìránṣẹ́ àti ẹ̀rí sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ikú bá ṣẹlẹ̀ ní ilé rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mú ìwé àti kálàmù. Kí ó kọ orúkọ àwọn tí kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn: ọkọ tàbí aya, àwọn ọmọ, òbí bí ó bá wà, àwọn ọmọ ìyá. Kí wọ́n yan ẹnìkan péré tí yóò máa pè wọ́n. Pípè ni mo wí, kì í ṣe títẹ̀. Fún ẹni tí ó wà lókè òkun, ẹ kọ́kọ́ pe ọ̀rẹ́ tàbí ará ìjọ rẹ̀ tí ó wà nítòsí, kí onítọ̀hún lọ bá a nílé kí ọ̀rọ̀ tó dé. Ẹ ro aago pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ aago méje òwúrọ̀ ní Ṣágámù, ní Houston ní Amẹ́ríkà, ọ̀gànjọ́ ni tàbí aago kan òru, gẹ́gẹ́ bí àkókò ọdún bá ti rí. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ti gbọ́ ni a tó lè gbé e sínú ẹgbẹ́ ìdílé lórí WhatsApp, kí olórí ìdílé tàbí ẹni tí ó yàn sì jẹ́ ẹni tí yóò kọ ọ́.

Àwọn kan rò pé bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, àwọn yóò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. WhatsApp gbà á láyè láti pa á rẹ́ kúrò lójú gbogbo ènìyàn láàárín ọjọ́ méjì tàbí kí ó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fi àmì sílẹ̀ pé a pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́. Àmì yẹn nìkan tó láti dáyà já ẹni tí baba rẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Ní ti ọ̀rọ̀ tí a tún ń fi ránṣẹ́ síwájú, láti 2019 ni wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí i, ibi márùn-ún péré ni ènìyàn lè fi í ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá máa ń ní àmì ọfà méjì, láti 2020 sì ni ó ti jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni ó ń lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá rí ọfà méjì yẹn lórí ìròyìn ikú, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí yín kò sí níbẹ̀, ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí òun náà lè má sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà kò ṣeé fojú fò. Ẹnìkan lè kọ ọ́ pé, “Gbogbo won ti de, Baba lo ku.” Ṣé Bàbá ló kù ni, tí à ń retí wọn, àbí Bàbá ló kú? Olùkọ̀wé mọ èyí tí ó ní lọ́kàn. Ẹni tí ó wà ní òkè òkun kò mọ̀. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé tí Google ṣe, ní èdè Yorùbá nínú, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tí kò bá lè ṣe wàhálà rẹ̀, kí ó fi ohùn ránṣẹ́.

Mo tún ní ohun kan láti sọ nípa àwòrán, inú mi kò sì dùn bí mo ti ń sọ ọ́. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, gba ilẹ̀ wa kọjá, gbogbo wa ni a sì mọ oríta Ṣágámù àti ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Bí jàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ a máa na fóònù sókè kí wọ́n tó na ọwọ́ sí ẹni tí ó wà nílẹ̀. Aṣọ ni ìdílé fi ń dá ènìyàn wọn mọ̀ nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 122 ni ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, 112 sì wà fún pàjáwìrì gbogbo. Ẹ fi fóònù yẹn pè wọ́n. Bí ẹ bá rí káàdì ìdánimọ̀ tàbí fóònù ẹni tí ó farapa, ẹ fà á lé àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, kí ẹ má ṣe yà á ní àwòrán sórí Facebook pé “ta ni ó mọ̀ ọ́n?”

Àwọn olè náà ń ka ìtúfọ̀. Bí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀, wọn a ránṣẹ́ ní orúkọ ọmọ olóògbé pé kí ẹ fi owó ìsìnkú sí àsùnwọ̀n báyìí báyìí. Ẹ̀rọ tilẹ̀ ti lè sín ohùn ènìyàn jẹ nísinsìnyí, nítorí náà kí á gbọ́ ohùn nìkan kò tó. Ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tí ìdílé yín nìkan mọ̀: oríkì ìyá àgbà, tàbí orúkọ tí ẹ ń pe ajá ilé nígbà kan. Àrokò ni ẹ ṣe yẹn.

Ó ku fóònù olóògbé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sọnù nínú ọ̀pọ̀ èrò tí ń wọlé wá kí yín. Àwọn ìròyìn bánkì ń wọ inú rẹ̀, bí wọ́n bá sì pa nọ́ńbà tì fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ fóònù lè tà á fún ẹlòmíràn. Nítorí náà ẹ yọ nọ́ńbà náà kúrò nínú ẹgbẹ́ ìdílé bí ìsìnkú bá ti parí. Ẹni tí ó ṣì wà láàyè lè ṣètò èyí fúnra rẹ̀: láti 2013 ni Google ti fún ènìyàn láyè láti yan ẹni tí yóò gba nǹkan rẹ̀ bí a kò bá gbúròó rẹ̀ mọ́, Facebook sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2015. Bí a kò bá sọ fún Facebook, ọdọọdún ni ó lè máa rán àwọn ọ̀rẹ́ létí pé kí wọ́n kí olóògbé kú ọjọ́ ìbí. Bí a bá sọ fún un, yóò fi àmì ìrántí síwájú orúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò lè wọlé sí i mọ́. Ẹ̀rí ikú ni wọn yóò béèrè, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́dọ̀ àjọ tí ń ka iye ènìyàn, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì bo nọ́ńbà tí ó wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó fi í hàn ẹnikẹ́ni mìíràn.