Ẹ Má Sọ Kóòdù Yín fún Ẹnikẹ́ni

   

Ọ̀rọ̀ olè ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Olè yìí kì í fọ́ ilẹ̀kùn, kì í gbé àdá. Ẹnu ló fi ń jalè. Orí fóònù ló ń gbà wọlé.

Owó inú fóònù

Nílẹ̀ Togo, ọ̀pọ̀ wa ló ń tọ́jú owó sínú fóònù. Àwọn kan ń lo Flooz ti Moov. Àwọn mìíràn ń lo Mixx ti Yas, èyí tí a ń pè ní T-Money tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ta sọ́yà tàbí òwú, ẹni tó rà á lè fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sínú fóònù yín. Ọmọ yín tó wà ní Lomé lè fi owó ránṣẹ́ sí yín láìwọ mọ́tò. Ó dára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n fóònù yìí ti di àpótí owó. Kóòdù ìkọ̀kọ̀ yín ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yìí ni olè ń wá.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: owó tó ń wọlé kò fẹ́ kóòdù. Owó tó ń jáde ló ń fẹ́ kóòdù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ tẹ kóòdù kí owó tí òun fi ránṣẹ́ lè wọlé, irọ́ ló ń pa. Owó yín ló fẹ́ mú jáde.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tan ènìyàn

Àwọn àgbà ní, ẹni tí yóò mú ọ̀bọ, yóò ṣe bí ọ̀bọ. Ẹ wo bí àwọn olè yìí ṣe ń ṣe.

1. Owó àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ kan wọlé sínú fóònù yín pé ẹ ti gba 25.000 fráǹkì. Kò pẹ́, ẹnìkan pè yín: “Mámà, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣe àṣìṣe. Owó oògùn ọmọ mi ni. Ẹ bá mi dá a padà.” Àánú rẹ̀ ṣe yín. Ṣùgbọ́n owó kankan kò wọlé. Olè náà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá fi 25.000 fráǹkì ránṣẹ́, owó yín gan-an ló lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó wà nínú fóònù yín. Bí owó náà bá tilẹ̀ wọlé lóòótọ́, ẹ ní kí ẹni náà lọ bá ilé iṣẹ́ fóònù, kí wọ́n yanjú rẹ̀.

2. Òṣìṣẹ́ èké. Ẹnìkan pè, ó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ fóònù. Ó ní wọn yóò ti nọ́ńbà yín pa lónìí bí ẹ kò bá sọ kóòdù. Tàbí ó ní kí ẹ tẹ * àti àwọn nọ́ńbà gígùn kan, kí ẹ sì fi # parí rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe ń fi owó ránṣẹ́ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tòótọ́ kì í béèrè kóòdù.

3. Ẹ̀bùn àti ìrànwọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, ìjọba Togo dá ètò Novissi sílẹ̀. Àwọn ènìyàn tẹ *855# láti forúkọ sílẹ̀. Orí fóònù ni owó sì gbà dé ọwọ́ wọn. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ olè fi lè jọ òótọ́ nígbà tó bá ní ìjọba fẹ́ fún yín lówó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀: olè yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ san nǹkan. Ta ni í san owó kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn?

Ẹ̀tàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣe é kí fóònù alágbèéká tó dé. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e bọ́ sórí íméèlì. Wọ́n á ní owó ńlá kan wà ní báńkì, kí ẹ san díẹ̀ kí ó lè jáde. Bí ẹ bá san, wọ́n á tún béèrè òmíràn. Wọ́n ń pè é ní 419, nítorí abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà ló sọ ìjìyà rẹ̀.

4. Ìròyìn burúkú. “Mọ́tò kọlu ọmọ yín ní Lomé! Dókítà ń dúró de 40.000 fráǹkì!” Ẹ pa fóònù náà. Ẹ pe ọmọ yín sórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá gbé e, ẹ pe ẹni tí wọ́n jọ ń gbé.

Nínú gbogbo rẹ̀, olè kì í fẹ́ kí ẹ ronú, kì í sì í fẹ́ kí ẹ bi ẹlòmíràn. Ìkánjú ni oògùn rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìwé tí ẹ kọ́ yóò gbà yín

Nígbà tí ẹ kò mọ̀wé, ẹ lè ti gbé fóònù àti kóòdù fún ọmọdé tàbí fún ẹni tó ń ṣòwò Flooz tàbí Mixx. Nísinsin yìí, ẹ mọ 0 títí dé 9. Bí ẹ bá lọ gba owó, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tẹ kóòdù. Ẹ fi ọwọ́ bò ó. Ẹ má kọ ọ́ sí ara fóònù. Ẹ má fi ọdún tí wọ́n bí yín ṣe é. Bí ẹnìkan bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ yí i padà lónìí.

Bí wọ́n bá ti tàn yín ńkọ́?

Ẹ má tijú, ẹ má sì pẹ́. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ fóònù yín kíá, kí ẹ sì yí kóòdù padà. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tó wọlé rẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà olè náà, ọjọ́, wákàtí àti iye owó sínú ìwé yín. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Togo ṣe òfin lórí irú ìwà ọ̀daràn yìí ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2018.

Ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí nínú kíláàsì:
1. Ìgbà wo ni a ń tẹ kóòdù?
2. Kí ni a ó kọ́kọ́ ṣe bí wọ́n bá ní owó àṣìṣe wọlé?
3. Kí ni a ó kọ sínú ìwé bí wọ́n bá tàn wá?

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ará ilé yín tí kò tíì mọ̀wé.