Òrí, Ọ̀rá Tí Ń Tu Ara

Òrí ni ọ̀rá tí wọ́n ń yọ láti inú kóró èso igi emi. Igi ọ̀dàn ni igi yìí: ó wọ́pọ̀ ní Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Kwara àti Niger, títí wọ àríwá Benin àti Togo. Wọn kì í sábà gbìn ín bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó. Fúnra rẹ̀ ló ń hù. Àgbẹ̀ tó bá ń ṣán oko máa ń dá a sí, nítorí ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tó so dáadáa. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì la wẹ́wẹ́ bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Ìdí nìyẹn tí iná ọ̀dàn kì í fi í pa á bọ̀rọ̀. Ní 1796, Mungo Park, ará Scotland tó ń tọ ipa odò Ọya, rí bí àwọn ará ilẹ̀ Bámbárà ṣe ń ṣe òrí. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú Butyrospermum parkii tí àwọn onímọ̀ fi ń pe igi náà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gba Vitellaria paradoxa.

Iṣẹ́ obìnrin ni òrí ṣíṣe, iṣẹ́ àṣelàágùn sì ni. Ìgbà òjò ni èso ń já bọ́. Ara èso náà dùn, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á kó kóró jọ, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a. Bó bá gbẹ, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á yan ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n gbé e lọ ẹ̀rọ. Ohun tó jáde dúdú, ó sì ń fà. Wọ́n á wá máa bu omi sí i, wọ́n á máa fi ọwọ́ pò ó, títí apá yóò fi máa ro wọ́n, kí ọ̀rá funfun tó yọ lójú omi bí ìfófòó. Ọ̀rá yìí ni wọ́n ń bù, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń sẹ́, kó tó dì.

Funfun àti títutù òrí ló sọ ọ́ di ohun Ọbàtálá, òrìṣà funfun. Ní Cuba, níbi tí igi emi kò sí, ọ̀rá kòkó ni àwọn olórìṣà fi rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, òrí ni wọ́n ń pè é.

Òrí tó dì gbagidi láàárọ̀ ọyẹ́ yóò máa yọ́ bó bá ti kan àtẹ́lẹwọ́, nítorí ooru ara èèyàn tó láti yọ́ ọ. Lórí awọ ló ń dúró sí, tí ń dí omi ara lọ́nà kí atẹ́gùn gbígbẹ má fà á lọ. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ètè tó bó, gìgísẹ̀ tó là, ara tó ń yún nítorí gbígbẹ, ìdí ọmọ tí ìtọ̀ mú pọ́n: gbogbo wọn ni òrí ń tù. Kì í wo làpálàpá sàn ní tirẹ̀. Ìyẹn fẹ́ oògùn tí yóò pa kòkòrò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òrí àti jẹ̀díjẹ̀dí gba àlàyé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ihò ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣúgà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ líle, fífi agbára yàgbẹ́, oyún àti jíjókòó pẹ́ ní ilé ìgbẹ́ ló ń fà á jù. Àgbo inú ìgò tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ, a máa ṣí inú tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tó ń ta yóò tún bó sí i. Ó sàn kí aláìsàn jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú báàfù fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, láìfi ọṣẹ sí i, kó fi aṣọ rírọ̀ tẹ ibẹ̀ gbẹ láìnù ún, kó wá fi òrí díẹ̀ pa ẹ̀yìn ibẹ̀. Òrí kò ní mú kí iṣan náà súnkì. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí awọ ha ara wọn. Èyí tí wọ́n pò mọ́ káńfọ̀ tàbí mẹ́ńtọ́ọ̀lì kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá, yóò jó o bí ata. Ẹ̀wà, ewébẹ̀, èso àti omi púpọ̀ ni yóò mú ìgbẹ́ rọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi òrí bò mọ́lẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ ìfun náà a máa ṣẹ̀jẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, tàbí tí ìrora bá le, tàbí tí ìwú náà kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ilé ìwòsàn ló kàn.

Òrí inú igbá ọjà sábà máa ń ní iyanrìn. Wọ́n á gbé e lé orí omi gbígbóná kó yọ́, wọ́n á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ sínú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí, wọ́n á gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Òórùn òrí tuntun dà bí ti èéfín àti ẹ̀pà yíyan. Èyí tó bá ti ń kan ti pẹ́ jù, kò yẹ ara ọmọ mọ́.