Ṣé o mọ̀? Bátìrì kékeré lè dán sípíkà àtijọ́ wò

Sípíkà tòkunbọ̀ tí o rà ní Ìwó Road, Ìbàdàn, tí ohùn rẹ̀ há, lè má tíì kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, fóòmù tó yí páálí inú rẹ̀ ká ló ti gbó, tó ń rún mọ́ni lọ́wọ́. Lẹ tuntun tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, bí sípíkà náà bá jẹ́ méjì, fi bátìrì 1.5V kan wáyà sípíkà kọ̀ọ̀kan fírí: orí bátìrì sí pupa, ìdí rẹ̀ sí dúdú. Ìhà kan náà ni páálí méjèèjì gbọ́dọ̀ sún sí. Bí ọ̀kan bá yọ síta tí èkejì wọlé, wọ́n á máa pa béèsì ara wọn, o ò sì ní gbádùn àgídìgbo inú àpàlà. Yí wáyà sípíkà kan padà kí o tó sọ pé o fẹ́ ju sípíkà náà nù.