Àpọ̀jù Ajílẹ̀ nínú Omi: Èdè Òfin àti Ọ̀sìn Ẹlẹ́dẹ̀

Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí a kó sí oko àgbàdo, ajílẹ̀ ni. Èyí tí òjò gbá lọ sí odò, ohun tí ń ba omi jẹ́ ni. Ohun kan náà ni méjèèjì. Èròjà aṣaralóore méjì, náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ni ó pọ̀ nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran yìí. Bí wọ́n ti ń mú àgbàdo dàgbà lóko, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń mú òjúoró àti ewéko wẹ́wẹ́ gbilẹ̀ lójú odò. Nígbà tí ewéko wọ̀nyí bá kú, tí wọ́n sì ń jẹrà, wọn a fa ọ́síjìn inú omi gbẹ, ẹja a sì kú.

Kí ni kí onítumọ̀ pe ìbàjẹ́ yìí? Bí ó bá pè é ní ìdọ̀tí omi, gírámà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ó ti ṣi àgbẹ̀ lọ́nà. Ohun tí ojú rí tàbí tí imú gbọ́ òórùn rẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní ìdọ̀tí. Náítíréètì, tí náítírójìn máa ń dà kí ó tó jò wọ inú kànga, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. Omi kànga lè mọ́ gaara, kí ó sì kọjá mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, èyí tí òṣùwọ̀n omi mímu Nàìjíríà ti ọdún 2007 fi ṣe gbèdéke. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè dí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ láti gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Àgbẹ̀ tí a sọ fún pé kí ó má da ìdọ̀tí sódò yóò ṣa ìgbẹ́ kúrò, yóò jẹ́ kí omi tí ó fi fọ ilé ẹran ṣàn lọ, yóò sì gbà pé òun ti pa òfin mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó lè wá síni lọ́kàn ni ọ̀rá, nítorí pé a ń sọ pé ilẹ̀ kan lọ́ràá. Ṣùgbọ́n omi tí ó lọ́ràá yóò mú òǹkàwé ronú epo. Àpọ̀jù ajílẹ̀ nínú omi ni ó ṣe rẹ́gí jù, nítorí pé ìwọ̀n ni òfin ń bá wí, kì í ṣe ohun náà fúnra rẹ̀. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní ọdún 1991 fi èyí hàn. Níbi tí omi bá ti wà nínú ewu, náítírójìn tí ó ti ara ìgbẹ́ ẹran wá kò gbọdọ̀ ju kílógíráàmù 170 lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún kan. Nítorí náà, ìwọ̀n ilẹ̀ ni ó ń pinnu iye ẹlẹ́dẹ̀, kì í ṣe bí ilé ẹran ti tóbi tó. Ẹni tí ẹran rẹ̀ bá pọ̀ jù yóò wá ilẹ̀ kún ilẹ̀, tàbí kí ó fi ajílẹ̀ ránṣẹ́ sí oko ẹlòmíràn, tàbí kí ó dín purotéènì inú oúnjẹ wọn kù.

Ní Nàìjíríà, ọdún 1988, lẹ́yìn tí a rí pàǹtí olóró tí wọ́n kó wá sí Kókó láti òkè òkun, ni a ṣe òfin tí ó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ààbò àyíká sílẹ̀. Àjọ NESREA gba iṣẹ́ náà ní ọdún 2007, ìlànà lórí omi odò àti omi abẹ́ ilẹ̀ sì jáde ní ọdún 2011. Nípasẹ̀ omi tí ń ṣàn kúrò ní ilé ẹran ni ìlànà yìí fi kan ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí Ẹdẹ. Odò Ọ̀ṣun gba ibẹ̀ kọjá, Odò Erinlẹ̀ sì ń dà sínú rẹ̀ nítòsí ìlú náà. A sé Erinlẹ̀ láti pèsè omi fún Ẹdẹ àti Òṣogbo. Ọ̀ṣun sì ń ṣàn lọ sí Aṣèjíre, níbi tí Ìbàdàn ti ń fa omi. Ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀ nílò kòtò tí kì í jò fún ìgbẹ́ àti omi ìfọlé, tí ó jìnnà sí kànga. Ó sì yẹ kí ó kó ajílẹ̀ sóko nígbà tí irúgbìn lè lò ó, kì í ṣe nígbà tí òjò ńlá ṣú.

Nítorí náà, kí olùkọ́ àti onítumọ̀ lo èròjà aṣaralóore fún ohun tí ń bọ́ ewéko. Ajílẹ̀, nígbà tí ó bá wà ní ìwọ̀n lórí ilẹ̀. Àpọ̀jù ajílẹ̀ nínú omi, nígbà tí ó bá ṣàn kọjá ààyè rẹ̀. Àti gbèdéke, fún ìwọ̀n tí òfin kò fẹ́ kí a rékọjá. Àgbẹ̀ tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yóò béèrè pé, “Èló ni ó pọ̀ jù?” Ìbéèrè tí òfin fẹ́ kí ó béèrè gan-an nìyẹn.