Àgbálùmọ̀, Ọlọ́lá Igbó Kìjikìji

Chrysophyllum albidum, ẹbí Sapotaceae
Ẹ̀ka eléwé, èso tí a là ní ìdábùú, àti kóró

Láàárín àwọn igi ńláńlá igbó kìjikìji ilẹ̀ Yorùbá ni àgbálùmọ̀ ń dúró sí, tí ìdí rẹ̀ yọ igun-igun, tí gíga rẹ̀ sì lè ju mítà 30 lọ. Ẹ wo ewé méjì tí a tẹ́ síhìn-ín: òkè ọ̀kan tutù mìnìjọ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ èkejì ní àwọ̀ fàdákà, nítorí irun wẹ́wẹ́ tí ó bò ó. Bí a bá ṣá igi náà lọ́gbẹ́, oje funfun ni yóò sun. Oje kan náà ní ń lẹ̀ mọ́ ètè ẹni tí ń jẹ èso rẹ̀, òun náà ní ń sọ èèpo di ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu ọmọdé.

Láti ìgbà ọyẹ́ ní Disẹ́ńbà títí dé Épírì ni èso rẹ̀ ń pọ́n. Kóró dídán inú rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún, tò yíká bí ìràwọ̀. Ẹni tí yóò jẹ dídùn a kọ́kọ́ jẹ kíkan: bẹ́ẹ̀ ni adùn àti ìkan ṣe bára gbé nínú rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ni àgbáyun, tí ń sọ kíkan di dídùn lẹ́nu.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Síbẹ̀, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ṣán igbó láti gbin kòkó, wọ́n a máa dá àgbálùmọ̀ sí, kí àtọmọdọ́mọ lè rí i jẹ.